Ẹ̀jẹ́ Díẹ̀ ní Pira

Ọmọ Mahi ni Zéphirin, Savalou ni wọ́n sì bí i sí. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀ ní ilé ìwé àwọn Kátólíìkì, nítorí náà Faransé dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá tirẹ̀ ni kí ẹ má bèèrè. Ẹnu àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá àti inú rédíò ló ti ṣà á jọ, ó sì gbà pé òun ti gbọ́ ọ tán. Èdè Mahi ní ohùn tirẹ̀, ohùn yìí ló sì ń gbé wọ Yorùbá láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá fẹ́ bu omi mu, yóò ní kí wọ́n fún òun ní igba, Affissou ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì bi í pé níbo ló fẹ́ kó igba nǹkan sí, nígbà tó jẹ́ pé igbá kan ṣoṣo ló ń wá.

Ní ọdún 1996, obìnrin dókítà kan tí ń kọ́ni ní yunifásítì ní Kùtọ̀nú, Thècle lórúkọ rẹ̀, ṣa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ, Zéphirin àti Affissou wà lára wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì gba oyè àkọ́kọ́. Ó fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìwádìí lórí àrùn, kí ó baà lè jẹ́ pé bí ọjọ́ oyè ọ̀mọ̀wé bá dé, wọn kò ní dúró síbẹ̀ kí wọ́n máa la ẹnu sílẹ̀. Ní ìparí ẹ̀kọ́ náà, àwọn olùdánwò yóò wá láti Kùtọ̀nú, wọn yóò mú ẹnì kan, ẹni náà yóò sì lọ sí Faransé lọ múra sílẹ̀ fún oyè náà. Ẹnì kan ṣoṣo. Zéphirin fẹ́ kí ẹni yẹn jẹ́ òun, ó fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àrùn ibà lára ọmọdé ni wọ́n ń wádìí. Wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé ní agbègbè Bantè àti Savalou, wọ́n á gún ìka ọmọ, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí díńgí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní làámù, wọ́n á sì gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ awò ní Bantè láti wá kòkòrò ibà nínú rẹ̀. Òfin méjì ni Màdáàmù Thècle fi lélẹ̀. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má gún ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gún ìka ara rẹ̀ lójú ìyá ọmọ náà. Èkejì, ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ nínú ilé kan gbọ́dọ̀ padà sí ilé náà lọ sọ ohun tó rí. Òfin kejì yìí ni kò fi ṣeré rárá. Ó ní àwọn ará ìlú wọ̀nyí ti rí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ, wọn ò tíì rí àwọn tó ń mú èsì bọ̀.

Wọ́n pín ìwé pélébé kan fún wọn, tí ẹnì kan ti túmọ̀ sí Yorùbá ní Kùtọ̀nú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *A fe gba eje die lowo omo yin. A o pada wa so ohun ti a ri fun yin.* Affissou wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká a sápò. Ọmọ Bantè ni, bàbá rẹ̀ ń ránṣọ nítòsí mọ́ṣáláṣí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Zéphirin kọ́ ọ sórí bí ẹni ń kọ́ àdúrà. Kò sì sí wàhálà, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ ń rìn: Affissou ní í sọ̀rọ̀, Zéphirin ní í gún ìka, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mìíràn kì í mọ̀ pé wọ́n ti gún òun.

Nígbà tó kan Pira, ibà tí wọ́n ń wá kiri wá rí Affissou fúnra rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ ní Bantè, ó ń gbọ̀n. Zéphirin ní òun ò lè fi ọjọ́ kan ṣòfò nítorí ẹnì kan, ó gun zémìjáàn, ọ̀kadà akérò wọn, ó dá lọ.

Nínú àwọn ilé tó kọ́kọ́ wọ̀, àwọn èèyàn rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rí òwú, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ọwọ́ ọmọ wọn sí i. Ìdí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín kò yé e. Ó rò pé wọ́n ń yọ̀ mọ́ òun ni.

Ó dé agboolé Alhaji Moudachirou, ilé ńlá tí àwọn obìnrin pọ̀ sí. Wọ́n jókòó papọ̀ lábẹ́ igi káṣú, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí, àfi ẹnì kan tó dá jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ẹ̀gúsí tirẹ̀ àti ọmọbìnrin kékeré kan. Zéphirin rí i bẹ́ẹ̀, kò bi ara rẹ̀ ní ìdí. Rakia ni obìnrin náà ń jẹ́, ìyàwó Inoussa, ọmọ Alhaji, tó ti kọjá sí Nàìjíríà. Hafsath ni ọmọ náà, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìka rẹ̀ sì wú díẹ̀.

Zéphirin kí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì ka àdúrà rẹ̀ jáde: "Màmá, a fẹ́ gba ẹ̀jẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín."

Rakia dá ọwọ́ dúró. "Ẹ̀jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀jẹ́ díẹ̀ ni. Kò ní pẹ́."

"Ẹ̀jẹ́ tún wà tó jẹ́ díẹ̀?" Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà á fún mi ní tìrẹ?"

Òfin Màdáàmù wá sí Zéphirin lọ́kàn. Inú rẹ̀ dùn pé obìnrin náà bèèrè kí òun tó rántí. Ó mú abẹ́rẹ́ tuntun, ó gún àtàǹpàkò ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó sì na ìka náà sí i. "Ẹ wò ó, Màmá. Èmi náà ti fún yín ní ẹ̀jẹ́ mi."

Rakia fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára ìka rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó sì di etí ìró náà ní kókó. "Ó dáa," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ. Ìgbà wo lo máa padà?"

"A ó padà wá sọ ohun tí a rí fún yín," ni Zéphirin wí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Hafsath kò tilẹ̀ sunkún.

Nígbà tó gbé làámù náà sábẹ́ ẹ̀rọ awò ní Bantè, ó rí kòkòrò ibà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn kò ní kó wá. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a máa rí róbótó lábẹ́ awò. Nínú ẹ̀jẹ̀ Hafsath, àwọn kan ti tẹ̀, wọ́n ká bí dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko. Ara Zéphirin bù máṣọ. Ó mọ àrùn náà nínú ìwé, kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí i rí. Ó sáré pe Màdáàmù. Màdáàmù wo inú awò náà pẹ́, ó ní ojú Zéphirin ríran dáadáa, ó sì ní wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò kejì tí yóò fi dá wọn lójú.

Ayọ̀ wọ Zéphirin lára lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àìsàn tí kì í lọ ló rí lára ọmọ ọlọ́mọ, ayọ̀ ló sì mú un, nítorí nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òun nìkan ló rí i. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ o. Ìwé ló gba gbogbo ojú rẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. "Lọ sọ fún ìyá rẹ̀," ni Màdáàmù wí, "kí o sì ṣàlàyé fún un dáadáa." Zéphirin ní òun yóò lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí Djaloukou lọ́sẹ̀ náà, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ Mahi níbẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Ó ní bí òun bá ṣe díẹ̀, òun á yà sí Pira. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níwájú àwọn olùdánwò. Làámù Hafsath ni ó fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti ya àwòrán rẹ̀, ó mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ nínú rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ti ń parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Màdáàmù bi í bí ó ti lọ sí Pira. Ó mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọkàn rẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ló ní òun á lọ. Sátidé náà dé, ó kọjá.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, ọyẹ́ ti mú gbogbo ètè ya, kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Savalou ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn olùdánwò jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, baba àgbà kan tó wọ kóòtù ni olórí wọn. Wọ́n ta aṣọ bo fèrèsé, wọ́n tan iná ẹ̀rọ àwòrán, ẹ̀jẹ̀ Hafsath sì hàn gbàǹgbà lára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Zéphirin ń sọ Faransé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rí i pé olórí wọn ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́.

Affissou ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó rọra wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Obìnrin kan láti Pira wà lẹ́nu géètì, àwọn ará ilé ìwòsàn ló júwe wa fún un. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ní Savalou níbí, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Wọ́n ní kó wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀, tirẹ̀ kò bá ọmọ mu, ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó ní òun ń wá ọmọ Mahi tó bá òun jẹ́ ẹ̀jẹ́." Ó wò ó lójú. "Zéphirin, kí lo sọ fún obìnrin yìí?"

Zéphirin gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu Affissou, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ́, ó sì gbọ́ ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó rí àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó rí etí ìró tí wọ́n di ní kókó.

"Ẹ má bínú," ó wí fún àwọn olùdánwò. "Ọmọ tó ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń wò yìí wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá fún un. Tèmi bá ti gbogbo ènìyàn mu."

"Parí ọ̀rọ̀ rẹ ná," ni olórí wọn dáhùn. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A gbọ́dọ̀ padà sí Kùtọ̀nú lónìí."

Zéphirin wo Màdáàmù Thècle. Màdáàmù kò wo àwọn olùdánwò, òun ni ó ń wò. "O kò lọ sí Pira," ó wí. Kò jọ ìbéèrè.

"N kò lọ, Màdáàmù."

Màdáàmù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Zéphirin fi àwòrán náà sílẹ̀ lára ògiri, ó sì jáde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì gbà á. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àpò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kún, ó sì ń bẹ Ọlọ́run ní Mahi, nítorí Faransé kò wá sí i lẹ́nu mọ́. Wọ́n gbé àpò náà lọ sọ́dọ̀ Hafsath. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ láìmira, ètè rẹ̀ funfun. Ọ̀sán lọ, ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó béèrè omi, Rakia sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, Zéphirin kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ahọ́n mi ló ṣì í."

"Mo mọ̀," ni Rakia wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé mi ò gbọ́ ohùn Mahi rí ni? Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ, òwú wà lọ́wọ́ rẹ, kí lo tún fẹ́ gbà bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀?" Ó fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀ gbẹ. "Àwọn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi ṣáájú rẹ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mi tó ṣáájú Hafsath, wọ́n gbà á, kò sẹ́ni tó padà. O dé, o ní ẹ̀jẹ́ lo fẹ́. Mo ní ó dáa, màá dì í mú bẹ́ẹ̀, bóyá eléyìí á padà."

Zéphirin dorí kodò. Ojú tì í dé egungun.

"Kí lo rí nínú rẹ̀?" ni Rakia bèèrè. "O ní o máa wá sọ fún mi."

Ó sọ fún un. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Affissou jókòó tì í, ó ń bá a tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ó ní àìsàn yìí kì í lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ lè dàgbà. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, láti ọ̀dọ̀ ìyá àti láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹni tó bá gba ti ẹnì kan nínú wọn kò ní mọ̀ pé òun ní in. Ọmọ tó bá gba ti àwọn méjèèjì ló ń ṣàìsàn.

"Láti ọ̀dọ̀ bàbá náà?"

"Láti ọ̀dọ̀ bàbá náà, Màmá."

"Àwọn tó ti lọ, irú rẹ̀ ló ṣe wọ́n? Ìka wọn wú bẹ́ẹ̀. Ojú wọn pọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó jẹ wọ́n?"

Ìgbà yìí ni agboolé náà yé e, àti ìdí tí obìnrin kan fi dá jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó jẹ wọ́n," ó wí.

Rakia fa aṣọ bo ẹsẹ̀ Hafsath. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. "Ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Láti ìgbà òjò."

"Láti ìgbà òjò," ni Rakia wí. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní àjẹ́ ní Pira, o ti mọ̀."

Kò pariwo, kò sì bú u. Ì bá sàn fún Zéphirin bí ó bá bú u.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Màdáàmù Thècle dé. Ó yẹ Hafsath wò, ó bá Rakia sọ̀rọ̀, Affissou ń túmọ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Zéphirin sí ìta. "Mirabelle ni wọ́n mú," ó wí. Mirabelle ni ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin náà. "Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n dúró dè ọ́ di ọ̀la. Mo ní kí wọ́n má dúró."

Ó dun Zéphirin dé inú. Ó ti rò pé ẹ̀jẹ̀ tí òun fún ọmọ náà yóò san gbogbo rẹ̀. "Ó tọ́, Màdáàmù," ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀ pé ó tọ́. Èsì Pira ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí o bá ti jẹ́ ẹ tán, wá bá mi."

Ọjọ́ tí wọ́n dá Hafsath sílẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ láti Savalou dé Bantè, zémìjáàn méjì sì gbé wọn láti ibẹ̀ lọ sí Pira: Rakia àti ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀kan, Zéphirin àti Affissou lórí èkejì. Gbogbo ojú ọ̀nà náà, nínú eruku pupa, Zéphirin ń pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀. Tí ó bá ṣì í, Affissou á gbá a lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Alhaji Moudachirou jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ilé sì pé yí i ká, nítorí Affissou ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Rakia lọ jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀gúsí rẹ̀ wà. Zéphirin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Affissou ní òun á bá a sọ ọ́, ó ní rárá. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá tó ní, ó ń dúró, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní ohun tó ń pa àwọn ọmọ náà, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ó pè é bó ṣe yẹ. Ó ní òun fi ojú òun rí i láti ìgbà òjò, òun kò sì wá sọ ọ́, òun ni òun jẹ̀bi.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" ni Alhaji bèèrè. "Ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn?"

Affissou wolẹ̀. Zéphirin mọ̀ pé bàbá àgbà ni òun fẹ́ dá lóhùn, nínú ilé rẹ̀, lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. "Ti ìyá wọn, Bàbá, àti ti bàbá wọn. Ti ilé yìí náà wà nínú rẹ̀."

Ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin náà mí kanlẹ̀. Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó kà á títí, kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn ilé, wọ́n ń gbọ́ Rakia tó ń pa ẹ̀gúsí, kó, kó, kó.

"Ìyá Hafsath," ni Alhaji pè.

Ìró ẹ̀gúsí náà dáwọ́ dúró. Láti ọdún tó kọjá, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tó pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Hafsath, gbé àga rẹ wá síbí, kí o wá jókòó pẹ̀lú wa. Àlejò rẹ kò tíì mu omi."